Bí Sẹ́ẹ̀lì Ara Ènìyàn ti í Gbé Horo Nánò Mì, àti Bí Ó ti í Lé e Jáde

Ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, èèpo obì àti èèpo kòkó, tí àgbẹ̀ ń dà sí ààtàn, ti di ohun ìwádìí. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá yọ omi èèpo wọ̀nyí, àti ti ilé aláǹtakùn pàápàá, wọ́n sì fi sọ iyọ̀ fàdákà di horo fàdákà tíntìntín. Ní ọdún 2016 ni wọ́n tẹ púpọ̀ nínú àbájáde rẹ̀ jáde: horo náà ń pa kòkòrò àrùn, ó ń pa tanwíjí tí í di ẹ̀fọn, ó sì ń dáàbò bo ọ̀dà ilé kí ó má baà bu. Horo nánò ni à ń pe irú rẹ̀. Kì í fẹ̀ ju 100 nánòmítà lọ, nígbà tí fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ohun tí ó bá lè pa kòkòrò, ó yẹ kí a béèrè ohun tí yóò ṣe bí ó bá wọ ara wa. Apá kan wà nínú ìbéèrè náà tí a kì í sábà mẹ́nu bà: bí horo náà bá wọlé, ọ̀nà wo ni yóò gbà jáde?

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ ara, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó bò ó. Bí horo bá kan awọ yìí, awọ á tẹ̀ wọnú, á ká mọ́ horo náà, á sì já di àpò kékeré nínú sẹ́ẹ̀lì. Àpò náà á gbé ẹrù rẹ̀ lọ sínú àpò mìíràn tí omi kíkan wà nínú rẹ̀, èyí tí Christian de Duve sọ ní lysosome ní ọdún 1955. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti í dà. Góòlù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dà níbẹ̀. Fàdákà a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó yọ́ yìí gan-an ni ó sì lè ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì gbogbo kò rí bákan náà. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ní ohun tí à ń fi gbé nǹkan mì bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí gbígbé àjèjì mì jẹ́ olórí iṣẹ́ wọn. Wọ́n wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, níbi tí púpọ̀ nínú horo tí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Ìwọ̀n horo náà ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ní Toronto fi góòlù dán sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wò. Èyí tí ó fẹ̀ tó 50 nánòmítà wọlé ju èyí tí ó kéré sí i àti èyí tí ó tóbi jù ú lọ.

Ọ̀ràn jíjáde ni ó le. Nígbà mìíràn àpò á padà sí ìdí awọ, á da ẹrù rẹ̀ síta. Nígbà mìíràn, ẹrù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Dublin fi hàn pé horo inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wò dín kù nítorí pé sẹ́ẹ̀lì náà pín sí méjì. Kì í ṣe pé ó lé e jáde: àwọn ọmọ méjèèjì ni wọ́n pín ẹrù ìyá wọn jogún. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ńkọ́, tí púpọ̀ nínú wọn kì í pín mọ́? Ta ni yóò bá a ru ìdajì?

Kíndìnrín lè mú horo líle tí kò ju nǹkan bí 6 nánòmítà lọ bá ìtọ̀ jáde. Èyí tí ó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ni yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ti bi mí pé, níwọ̀n ìgbà tí ó ti jẹ́ pé èèpo obì ni, ṣé kì í ṣe àgbo? Èèpo obì ni a fi ṣe é. Fàdákà ni ó kù níbẹ̀. Àwọn kan ti mu omi fàdákà pẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, awọ ara wọn di aláwọ̀ eérú tí ó jọ aró, kò sì padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, horo tí a bá ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fẹ́ kí a dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ti kíndìnrín àti ti ọpọlọ, kí a sì tún ka iye tí ó kù níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí ó wọlé nìkan ni a óò kà á.