Ewu Ọkọ̀ ní Ẹnu Àdúgbò

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò ni ewu ọkọ̀ ní ẹnu àdúgbò, èyíinì ni ibi tí òpópó kékeré tí àwọn ènìyàn ń gbé ti já sí títì ńlá. Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo, bí ẹgbẹ́ onílé bá pé jọ fún ìpàdé, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dìde láti sọ pé díẹ̀ ni ó kù kí ọkọ̀ gbá ọmọ òun ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn mìíràn a fèsì pé àwọn náà ti rí irú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ariwo yóò sọ. Ẹnìkan a ní ìkà ni awakọ̀. Ẹlòmíràn a ní ìjọba kò bìkítà. Ẹlòmíràn a ní kí wọ́n dá owó ra sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n fi mọ òkìtì sójú títì lóru ọjọ́ náà. Ìpàdé a tú, ọmọ a sì tún gba ibẹ̀ kọjá lọ sí iléèwé ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rù tí ń ba irú àwọn ará àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa lágbàáyé, àti pé láàárín àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 5 sí 29, kò sí ohun mìíràn tí ń pa ènìyàn tó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kò tó láti fi ṣe àtúnṣe. Ohun kan ní ń bẹ tí ó sọ ẹnu àdúgbò di eléwu. Bí a kò bá mọ ohun náà, àtúnṣe tí a bá ṣe lè pa ẹni tí a fẹ́ gbà là.

Ibodè tí kò ní oníbodè

Láyé àtijọ́, odi ni ó yí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ká, ibodè ni a sì ń gbà wọ inú wọn. Oníbodè a wà níbẹ̀, a máa gba owó ibodè, a sì máa wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Ìbáà ṣe oníṣòwò tí ó ru ẹrù, ìbáà ṣe ẹni tí ó gun ẹṣin, dandan ni kí ó rọra bí ó bá dé ibẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀nà àjò ti pàdé ọ̀nà inú ìlú kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lè sáré gbà kọjá.

Ẹnu àdúgbò òde òní jẹ́ ibodè tí kò ní oníbodè. Ẹni tí ń bọ̀ lórí títì ńlá ń ronú ibi jíjìn tí ó ń lọ. Inú àdúgbò ni ọmọdé ti ń ta bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń rìn lọ ra èlùbọ́. Eré ìjìnnà àti ìrìn ẹsẹ̀ a wá pàdé lójijì, láìsí ohun kan tí ó sọ fún awakọ̀ pé ó ti dé ibi tí ó yẹ kí ó yí ìwà padà. Awakọ̀ tí kì í ṣe ìkà rárá lè pa ènìyàn ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a máa bú awakọ̀ nìkan. Ó yẹ kí a wo ibi tí ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú.

Eré àti ìjánu

Òfin ìrìnnà ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé kí ọkọ̀ má ṣe sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ níbi tí ilé pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré kékeré ni èyí. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré 50 ń rin nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ọmọ kan bá já sójú títì lójijì, awakọ̀ yóò kọ́kọ́ rí i, yóò ronú, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé ìjánu. Bí gbogbo èyí bá gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mítà 14 ti lọ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ̀rọ̀. Bí títì bá gbẹ, tí táyà àti ìjánu sì dára, yóò tún tó mítà 14 mìíràn kí ọkọ̀ tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 28.

Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, tí ó di 100, ibi tí ìjánu yóò ti mú ọkọ̀ dúró kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò jẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò wá súnmọ́ mítà 84. Ṣùgbọ́n bí eré bá wálẹ̀ sí 30, ọkọ̀ yóò dúró láàárín nǹkan bí mítà 13. Ọmọ tí ó wà ní mítà 20 sí ọkọ̀ yóò délé jẹun alẹ́ bí eré bá jẹ́ 30; bí ó bá jẹ́ 50, ọkọ̀ yóò gbá a. Ìdí nìyí tí ìpàdé àwọn mínísítà àgbáyé ní ìlú Stockholm ní oṣù kejì ọdún 2020 fi dá a lábàá pé kí eré má ṣe ju 30 lọ níbi tí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ ti jọ ń rìn.

Ohun tí ojú kò rí

Lẹ́yìn eré, ìríran ni ó kàn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ fún ara rẹ̀, awakọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ rí ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń dí ojú wọn? Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó fi í síbẹ̀. Pátákó ìjọ wà níbẹ̀, pátákó iléèwé àti ti olóṣèlú wà níbẹ̀. Ẹni tí ń ta káàdì gbé agboorùn kalẹ̀. Ọdún kejì, agboorùn di ìsọ̀ onípákó. Ọdún kẹta, ìsọ̀ di kọ̀ńténà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọlọ́kadà àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Márúwá tò síbẹ̀ de èrò, dáńfó dúró láti já èrò. Nígbà tí ẹni tí ń wakọ̀ jáde láti inú àdúgbò yóò bá fi rí títì, imú ọkọ̀ rẹ̀ ti wà lójú títì ná.

Ti ọmọdé tún burú ju èyí lọ. Ọmọ ọdún 6 kò ga tó láti wo orí ọkọ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ bí a ti ń fi ojú díwọ̀n eré ohun tí ń bọ̀. Àwọn òbí ń kọ́ ọ pé kí ó kọ́kọ́ wo apá òsì, nítorí pé láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà ti yí padà sí apá ọ̀tún, apá òsì ni ọkọ̀ tí ó súnmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ jù ti ń wá. Ẹ̀kọ́ yìí dára. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà bá ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀ láti apá ọ̀tún, ẹ̀kọ́ tí a fi gba ọmọ là ni yóò pa á lára. Nítorí náà, ọlọ́kadà àdúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lórúkọ gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ìpàdé yóò bá wí.

Àtúnṣe tí ń gbà là àti èyí tí ń pani

Àtúnṣe tí ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni òkìtì tí ń dín eré kù, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní bọ́ǹpù. Òkìtì dára, ṣùgbọ́n ó ní bí a ti ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn ọdún 1970, àwọn oníwádìí dán oríṣiríṣi rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí gùn tó mítà 3.7, gíga rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ó rọra ga, ó sì rọra wálẹ̀. Èyí tí àwọn ará àdúgbò ń mọ lóru kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó ga gọngọ bí ebè iṣu, kò ní ọ̀dà, kò ní àmì. Àlejò tí ó bá bá a pàdé lóru yóò tẹ ìjánu lójijì, ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì kọlù ú. Ọlọ́kadà yóò fẹ́ yẹ̀ ẹ́, yóò sì gba etí títì níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn. Aboyún tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Inú òpópó àdúgbò, ní ìwọ̀n díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, ni òkìtì yẹ jù, kí ẹni tí ń jáde má baà sáré yọ sí títì ńlá. Ní ti títì ńlá fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó lè ṣe é, àmì sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Níbi tí títì náà bá jẹ́ òpópónà márosẹ̀, òkìtì kọ́ ni oògùn rẹ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni.

Géètì náà ní ewu tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ri géètì mọ́ ẹnu títì gan-an nítorí olè. Ọkọ̀ tí ó bá ń dúró de ẹni tí yóò ṣí i a fi ìdí jókòó sójú títì ńlá. Ó yẹ kí géètì wọ inú àdúgbò tó ààyè ọkọ̀ kan, ó kéré tán, kí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa wà nítòsí lóru nítorí aláìsàn àti panápaná.

Àtúnṣe tí kò náni lówó púpọ̀ ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù: kí a gé igbó etí títì, kí a yọ pátákó, kí a bo gọ́tà kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ibi rìn. Ní ti àwọn tí ń tajà níbẹ̀, kò yẹ kí a lé wọn bí ẹni lé adìẹ. Ibẹ̀ ni oníbàárà wọn wà, ọmọ wọn náà sì ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà lọ sí iléèwé. Bí àdúgbò bá wá ààyè fún wọn ní ìwọ̀nba mítà 10 sí inú, oníbàárà yóò tẹ̀lé wọn, ojú ọ̀nà yóò sì là.

Ta ni ó ni títì?

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀hónú ni kò lérè nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ni títì ni a kọ ọ́ sí. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni àwọn títì ńlá tí ó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, irú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni púpọ̀ nínú àwọn títì ńlá inú ìlú. Ní ti àwọn òpópó kéékèèké, Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka ṣíṣe wọn àti títọ́jú wọn, pẹ̀lú iná ojú pópó àti gọ́tà, mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà náà, ní ẹnu àdúgbò, ìjọba méjì ni ó sábà máa ń pàdé, ó sì rọrùn kí èkíní máa ti ẹ̀bi sí èkejì. Ẹgbẹ́ onílé tí ó gbọ́n yóò kọ̀wé sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, yóò sì jẹ́ kí èkíní mọ̀ pé èkejì ti gbọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi wọ́n ni pé, “Ṣé ènìyàn ti kú níbẹ̀?” Ìbéèrè yìí kò tọ̀nà. Bí òkú nìkan bá jẹ́ ẹ̀rí, ọmọ ẹnìkan ni yóò kú kí ẹ̀rí tó pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé “ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń fẹ́ pa wá” kò tíì fi ẹ̀rí kankan sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni ẹ̀rí. Kí àdúgbò ra ìwé kan. Nígbàkígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gbá ènìyàn, kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí, irú ọkọ̀, ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó dí ojú sílẹ̀. Kí wọ́n ka iye ọmọ tí ń sọdá láàárín aago méje sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Kí wọ́n fi okùn wọn ibi tí ojú ẹni tí ń jáde lè rí dé, kí wọ́n sì ya àwòrán ẹnu ọ̀nà náà. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára àwọn ọmọ iléèwé gíga lọ. Olùkọ́ ìṣirò tàbí ti jọ́gíráfì lè fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé ẹ̀hónú tí irú àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta bá bá rìn kò ní ṣeé gbé jù sẹ́yìn bí ti ẹni tí ó kàn ń bínú.

Kì í ṣe ohun tuntun pé kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mú irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kùn-únkúndùn. Ikú tí ń pa àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, tí àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ wà lára wọn, ni ó mú kí Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ náà rù. Ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àdúgbò kò lè yan oníbodè bí ti ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ó là, òkìtì tí ó wà níbi tí ó yẹ, géètì tí ó wọnú díẹ̀, ọlọ́kadà tí a bá wí, àti ìwé tí a kọ ohun tí a rí sí, gbogbo wọn lè jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ oníbodè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí ń sọdá ní aago méje òwúrọ̀ ọ̀la kò lè kọ ìwé ẹ̀hónú fún ara rẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò ni yóò bá a kọ ọ́.