Aṣọ Àtijọ́ àti Aṣọ Tuntun: Bí A Ṣe Lè Wọ̀ Wọ́n Pọ̀

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni a mú wá lónìí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ ṣí àpótí yín wò. Bóyá ìró ànkárá kan wà níbẹ̀ tí ìyá yín rà ní Lomé. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ tuntun, owó yín kò sì ní tán.

Níbo ni irú aṣọ yìí ti wá? Ilé iṣẹ́ Vlisco ní ìlú Helmond, ní Hólándì, ti wà láti 1846. Àwọn obìnrin ọjà Assigamé ní Lomé ni wọ́n ń ta aṣọ rẹ̀ káàkiri. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n lówó débi pé wọ́n ń ra ọkọ̀ Mercedes-Benz. Ìdí nìyẹn tí a fi pè wọ́n ní Nana Benz. Ní January 1994, iye owó CFA já sí ìdajì. Aṣọ Hólándì wá wọ́n gan-an. Lẹ́yìn ọdún 2000, aṣọ Ṣáínà tí ó fara wé ọnà àtijọ́ kún ọjà, owó rẹ̀ sì kéré.

Kò sí ohun tó burú nínú aṣọ Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó ti Hólándì lé e lórí. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ka etí aṣọ náà. Ẹ wo orúkọ Vlisco ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí aṣọ padà. Ànkárá gidi máa ń mú àwọ̀ ní ojú àti ní ẹ̀yìn. Ayédèrú lè jí orúkọ kọ, nítorí náà ẹ wo méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ wọ́n pọ̀:

1. Ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ tuntun lọ́tọ̀. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Mo fi ìró ìyá mi sínú abọ́ kan náà pẹ̀lú bùbá tuntun. Àwọ̀ pupa yọ, ó sì ba ìró náà jẹ́. Títí di òní, ó ń dùn mí.

2. Aṣọ tuntun máa ń súnkì, ti àtijọ́ ti súnkì tán. Bí télọ̀ yóò bá rán wọn pọ̀, ẹ fọ tuntun kí ó tó gé e.

3. Ẹ na aṣọ àtijọ́ sí oòrùn. Bí ó bá ti fẹ́lẹ́, ẹ má rán an mọ́ra, yóò ya. Ẹ fi wé gèlè.

4. Bí ìró bá ní ọnà ńlá, kí bùbá jẹ́ aláwọ̀ kan. Ẹ mú àwọ̀ náà láti inú ọnà ìró.

5. Bí ẹ bá ra ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù ní ọjà Hédzranawoé ní Lomé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ mọ́ ṣòkòtò bàbá yín.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ mú aṣọ kan nínú àpótí, ẹ ka etí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé yín. Ẹ bi ìyá tàbí bàbá yín nípa ìtàn rẹ̀, kí ẹ kọ ìyẹn náà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.