Bí Ológbò ti Ń Sùn, àti Ìdí Rẹ̀

Àwọn àgbà wí pé bí ológbò bá jáde nílé, ilé a di ilé èkúté. Gbogbo ẹni tí ó ní àká àgbàdo tàbí àpò ẹ̀wà nínú ilé ni ó mọ̀ pé òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ń pe ẹranko yìí ní ọ̀lẹ, nítorí pé a bá a lórí àpótí ní òwúrọ̀, a sì tún bá a níbẹ̀ ní ọ̀sán. Lóòótọ́, ológbò tí ó dàgbà a máa sùn tó wákàtí 12 sí 16 láàárín ọ̀sán àti òru. Ṣùgbọ́n àfẹ̀mọ́júmọ́ àti àṣálẹ́ ni àkókò ọdẹ rẹ̀, ó sì ń pa agbára rẹ̀ mọ́ de ìgbà náà. Bí ó sì ti ń fi ara lélẹ̀ kì í ṣe lásán. Ohun méjì ni ó ń darí rẹ̀: èkíní ni òtútù tàbí ooru, èkejì ni ọ̀tá tí ó lè dé. Ẹni tí ó bá mọ méjèèjì dáradára yóò mọ ìgbà tí àìsàn bá wọlé pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti òtútù. Ara ológbò gbóná ju ti ènìyàn lọ díẹ̀: tiwa jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 38 sí 39. Láti ara ológbò igbó ti ilẹ̀ gbígbẹ Àríwá Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà afẹ́fẹ́ tí ó gbóná tó ìwọ̀n 30 sí 38, tí ó ń mú àwa làágùn, kò ni òun lára. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, kí àwa tó nawọ́ mú aṣọ ìbora, òun ti wà lẹ́bàá ààrò. Níbẹ̀ ni yóò ká ara rẹ̀ kò bí òṣùká, yóò kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú, yóò sì fi ìrù bo imú. Báyìí ni afẹ́fẹ́ tútù kò fi ní rí ibi púpọ̀ bà lára rẹ̀, ikùn rẹ̀ tí irun rẹ̀ fẹ́lẹ́ a sì wà ní ìpamọ́.

Nígbà ooru, ó yí padà. Ológbò kì í làágùn ní gbogbo ara bí ènìyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn ti ń jáde. Nítorí náà yóò na gbalaja lórí ilẹ̀ tútù, tàbí kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó sì ṣí ikùn sókè, kí ooru lè jáde. Ṣùgbọ́n ikùn ni ibi tí ọ̀tá lè tètè ṣe é lọ́ṣẹ́. Ológbò tí ó bá ń sùn báyìí fi hàn pé ọkàn òun balẹ̀ nínú ilé náà. Kí ọmọdé má ṣe fọwọ́ kan ikùn yìí: bí ó bá ta gìrì, èékánná ni yóò fi dáhùn.

Èkejì ni ti ọ̀tá. Bí ológbò tilẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ẹranko kékeré ni, ajá sì lè pa á. Nítorí èyí ni ó ṣe ń fẹ́ orí àjà tàbí inú agbọ̀n, níbi tí yóò ti rí ẹni tí ń bọ̀ kí ẹni náà tó rí i. Bí ó bá ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ àyà, tí ó gbé orí sókè, tí ó di ojú, tí etí rẹ̀ sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń tòògbé ni. Bí eku bá ta pútú nínú àpò, ó ti dìde.

Ṣùgbọ́n oorun ìjìnlẹ̀ kò ṣeé sùn ní ìjókòó. Ní ọdún 1959, Michel Jouvet, onímọ̀ kan ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn láti ara ológbò pé nígbà tí oorun bá wọra dé àyè kan, ọpọlọ a máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ẹranko náà jí, ṣùgbọ́n iṣan ara rẹ̀, pàápàá ti ọrùn, a dẹ̀ pátápátá. Irú oorun yìí ni àwa ènìyàn ti ń lá àlá jù lọ. Ọrùn tí ó dẹ̀ kò lè gbé orí. Nítorí náà ológbò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tàbí kí ó ká kò, kí ó tó lè sùn dé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí i báyìí, tí irun imú àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má ṣe jí i.

Èyí tí ó kù ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìjókòó kan wà tí ó jọ ti ìtòògbé, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ológbò ilé wa lóṣòó sí igun ilé ìdáná fún ọjọ́ méjì: ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, orí rẹ̀ wálẹ̀ ju èjìká lọ, irun rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Mo ní òtútù ni, mo sì kọjá lọ. Bí ó bá jẹ́ òtútù ni, ìbá ká kò. Ní ọjọ́ kẹta ó kú. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé a ti fi májèlé eku sílẹ̀ ní àgbàlá kejì. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, èkúté ti jẹ irúgbìn àgbàdo wa tán.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù máa wo bí ológbò rẹ̀ ti ń sùn. Bí ó bá lóṣòó tí ó sorí kọ́, tí kò lá irun rẹ̀ mọ́, tí awọ funfun sì yọ bo apá kan ẹyinjú rẹ̀, àìsàn ni. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan gbáko, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ènìyàn: paracetamol tí a ń lò fún orí fífọ́ jẹ́ májèlé fún ológbò, hóró kan ṣoṣo sì lè pa á. Ẹ má ṣe fi májèlé eku sí ibi tí ó ti ń dọdẹ. Ẹ tẹ́ àkísà gbígbẹ fún un lẹ́bàá àká, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn ní ọ̀sán. Ẹni tí yóò ṣọ́ àgbàdo wa ní òru, kò yẹ kí a fi oorun dù ú.