Baro: Ìlú tí rélùwéè Kano ti bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin kò dé mọ́

Bí ẹ bá kúrò ní Agaie ní ìpínlẹ̀ Niger, tí ẹ sì kọjú sí gúúsù, etí odò Ọya ni ọ̀nà náà yóò gbé yín dé. Ibẹ̀ ni Baro wà, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Nupe.

Iṣẹ́ oko àti ẹja pípa ni wọ́n mọ ìlú náà mọ́ lónìí. Àmọ́ àwókù ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú irin tó ti dípẹtà. Ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irin tó lọ dé Kano.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Baro?

Ní 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tíì so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Kálukú ló ní olórí tirẹ̀ àti àpò owó tirẹ̀.

Walter Egerton tó ń ṣàkóso Gúúsù fẹ́ kí rélùwéè Èkó, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1896, máa lọ tààrà sí òkè. Percy Girouard tó ń ṣàkóso Àríwá fẹ́ kí agbègbè òun ní ọ̀nà tirẹ̀ sí òkun. Ọmọ Canada ni, ẹnjiníà sì ni. Òun ló kọ́ rélùwéè la aṣálẹ̀ Sudan kọjá fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Èrò rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ojú omi lè kó ẹrù láti Burutu àti Forcados létí òkun wá sí Baro, kí ọkọ̀ ojú irin sì gbà á níbẹ̀ lọ sí Kano. Ìjọba ní London kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa kọ́ tiwọn lọ.

Àwọn wo ló ṣe iṣẹ́ náà?

John Eaglesome, ọ̀gá iṣẹ́ òde ní Àríwá, ni wọ́n fi ṣe alábòójútó. Àmọ́ kì í ṣe òun ló gbẹ́ ilẹ̀.

Àwọn ẹmíà àti àwọn olórí abúlé ni ìjọba ní kí wọ́n kó ọkùnrin wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Wọ́n ń sanwó fún wọn lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò kọ̀ nígbà tó jẹ́ ọba ló rán an? Àwọn òpìtàn tó yẹ àkọsílẹ̀ wò pè é ní iṣẹ́ àfipáṣe. Orúkọ Girouard wà nínú ìwé, tiwọn kò sí.

Irin náà gba Katcha àti Badeggi kọjá sí Minna, ó sì dé Kano ní 1911. Ó tó nǹkan bíi 356 máìlì.

Òwú ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń retí. Ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ Kano gbìn ní tiwọn. Ẹ̀pà tó kúrò ní Nàìjíríà ní 1911 kò tó 2,000 tọ́ọ̀nù. Ní 1913, ó ti lé ní 19,000.

Afárá Jẹ́bà gba ọjà lọ́wọ́ Baro

Odò fúnra rẹ̀ ni ìṣòro Baro. Ìgbà ẹ̀rùn, tí ẹ̀pà kún Kano, náà ni omi Ọya máa ń fà, tí ọkọ̀ ńlá kò sì ní lè gòkè wá mọ́.

Rélùwéè Èkó ti dé Jẹ́bà ní 1909. Ní 1911, irin méjèèjì pàdé ní Minna. Nígbà tó di 1912, abẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ ó rí i pé rélùwéè ti di ọ̀kan ní ọdún méjì kí wọ́n tó so Nàìjíríà pọ̀.

Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá odò ní Jẹ́bà. Ní 1916, afárá parí. Láti ìgbà náà, ẹrù tí wọ́n bá dì ní Kano lè dé Èkó láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà. Kí ni oníṣòwò tún fẹ́ wá dé Baro?

Bí ojú ọ̀nà Baro sí Minna ṣe di ẹ̀ka nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń ná ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí odò bá kún, kí gbogbo rẹ̀ tó dákẹ́.

Minna ló jogún ohun tí Baro pàdánù. Àwọn akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ rélùwéè láti ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀.

Èbúté tuntun

Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn inú odò Ọya láti Warri dé Baro, kí ọkọ̀ lè rí omi rìn. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté tuntun níbẹ̀, pẹ̀lú ibi ìgúnlẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí àti ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè.

Nígbà tí wọ́n ń ṣí i, kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Baro. Ọ̀nà Agaie sí ìlú náà kò sì dára fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté náà, ọ̀nà yẹn ni yóò gbà jáde.