Fíríì kọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ ní Mápó!

Ẹni bá wọ táksí lẹ́bàá Gbọ̀ngàn Mápó, tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, kó dẹtí sílẹ̀ dáadáa. Bí ariwo ẹ́ńjìnì bá ṣàdédé rọlẹ̀, tí mọ́tò tún wá ń sáré sí i, dẹ́rẹ́bà ti já a sí fíríì nìyẹn.

"Dẹ́rẹ́bà, eré kí lèyí?"

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Epo ni mò ń ṣọ́."

Ta ló fẹ́ bá a wí? Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sí dẹ́rẹ́bà tí kì í ṣírò epo. Àmọ́ ìṣirò yìí ò tọ̀nà. Mọ́tò ayé ijọ́un tó ń lo kabúrétọ̀ nìkan ni fíríì lè bá dín epo kù díẹ̀. Ti Mícra onínjẹ́ẹ̀tọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá wà nínú gíà, tí dẹ́rẹ́bà ò tẹná, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì, epo á sì dáwọ́ dúró. Bó bá wà ní fíríì, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa mu epo kó má baà kú. Ẹni tó ń ṣọ́ epo ló ń dà á nù yẹn!

Ti bíréèkì ló wá burú jù. Ní fíríì, bíréèkì nìkan ló ń di mọ́tò mú, àtèrò àti àpò ẹ̀lùbọ́ tó wà ní búùtù. Á gbóná kọjá ààlà. Ọ́ìlì bíréèkì tó ti gbó á hó, ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ ni, mọ́tò ò ní dúró. Bẹẹrẹ ló sì wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó gbé igbá lórí.

Àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà ní gíà téèyàn máa fi gun òkè náà ni kó fi sọ̀. Lókè pátápátá ni kó ti ṣe é, kì í ṣe lágbedeméjì. Kó kọ́kọ́ tẹ bíréèkì kí eré rọlẹ̀, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó já a láti gíà kẹta sí èkejì, kó wá rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá han, kó má bẹ̀rù, ó ń fa mọ́tò sẹ́yìn ni. Kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì o, torí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ò yàtọ̀ sẹ́ni tó wà ní fíríì. Kó má sì fò láti ẹ̀kẹrin sí èkíní, pàápàá lójú òjò, táyà lè yọ̀.

Bí bíréèkì bá wá kọ̀ ńkọ́? Kó má pa ẹ́ńjìnì. Kó máa já gíà wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa fọn fèrè, kó rọra máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí mọ́tò á fi dúró.