Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kan Lè Tó fún Gbogbo Ọ́fíìsì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí kọ̀ǹpútà bá ti pé mẹ́fà nínú ọ́fíìsì kan, àfi kí a ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́fà, tàbí kí àwọn akọ̀wé máa fi fíláàṣì gbé iṣẹ́ wọn láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ó ń jẹ owó tí à bá fi ra tákàdá àti tàdáwà. Ju èyíinì lọ, fíláàṣì tí ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn a máa gbé àrùn kọ̀ǹpútà kiri, a sì máa gbé ìwé àṣírí dé ibi tí kò yẹ kí ó dé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà kan tí ń lo Linux ṣe lè mú kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo sin gbogbo ilé, láìjẹ́ pé ará òde rí àyè wọlé.

Linux ni ètò tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ètò mìíràn tí a ń pè ní CUPS, èyí tí Michael Sweet bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997. CUPS dà bí akọ̀wé tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìtẹ̀wé: òun ni ó ń gba ìwé lọ́wọ́ olúkúlùkù, òun ni ó sì ń tò wọ́n kí wọn lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà tí a kì í pa ní àkókò iṣẹ́, nítorí bí a bá pa á, àwọn ìyókù kò ní lè tẹ ìwé kankan. Bí CUPS kò bá sí lórí rẹ̀, àṣẹ tí a ó kọ lórí Ubuntu tàbí Debian ni sudo apt install cups. Ẹni tí yóò máa bójú tó o gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ lpadmin. Ẹ kọ sudo usermod -aG lpadmin, kí ẹ sì fi orúkọ tí ẹni náà fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà kí ó jáde, kí ó sì tún wọlé.

Èkejì, ẹ ṣí ètò tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà yìí kan náà, kí ẹ kọ http://localhost:631 sí ibi àdírẹ́sì. Ẹ kò jáde kúrò nílé o; CUPS ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ Administration, lẹ́yìn náà Add Printer. Ẹ yan ẹ̀rọ yín, ẹ fún un ní orúkọ tí kò ní àlàfo nínú, bí i Ofiisi, kí ẹ sì fi àmì sí Share This Printer. Nígbà tí èyí bá parí, ẹ padà sí Administration, ẹ fi àmì sí Share printers connected to this system, kí ẹ sì tẹ Change Settings.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Bí wọ́n bá wà lórí wáyà tàbí Wi-Fi kan náà, èyí tí ń lo Linux sábà máa ń rí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Èyí tí ń lo Windows lè nílò àdírẹ́sì, bí àpẹẹrẹ http://192.168.1.20:631/printers/Ofiisi, níbi tí nọ́ńbà náà jẹ́ ti kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ wà lára rẹ̀.

Ìkìlọ̀ wá kù. Lójú ìwé Administration kan náà ni ẹ ó ti rí Allow printing from the Internet. Ẹ má ṣe fi àmì sí i, ẹ má sì ṣe ṣí ẹnu ọ̀nà 631 sílẹ̀ fún ará òde. Ní oṣù September ọdún 2024, Simone Margaritelli fi hàn gbangba pé cups-browsed, olùrànlọ́wọ́ CUPS tí ń wá ẹ̀rọ kiri, ń gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá kan ilẹ̀kùn náà. Àjèjì lè fi ẹ̀rọ èké han kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ èké yìí, àṣẹ àjèjì náà yóò ṣẹ lórí kọ̀ǹpútà onílé. A ti ṣe àtúnṣe sí i, ṣùgbọ́n àtúnṣe kò wúlò fún ẹni tí kò gbà á. Ẹ máa lo sudo apt update àti sudo apt upgrade déédéé.

A sì rọ àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì pé kí wọn gbé ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ń lò sí ibi tí ojú tó o, kí ẹni tí ó tẹ ìwé sì lọ mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. CUPS lè to ìwé ní ìlà; kò lè sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kà á.