Nígbà Tí Oògùn Kò Bá Kápá Kòkòrò Inú Ẹ̀jẹ̀ Ìkókó Mọ́

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó ń fi ọmọ ta ẹrú Rẹ̀ lọ́rẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ ìlera wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28 láyé. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ló kú kárí ayé láì tíì pé oṣù kan. Kòkòrò àrùn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Bí kòkòrò àìfojúrí bá ti bọ́ sínú rẹ̀, kò sí ibi tí kò lè dé, títí kan ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ara àgbàlagbà lè bá a jà, ṣùgbọ́n ara ìkókó kò tíì ní irú agbára bẹ́ẹ̀, pàápàá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Kòkòrò náà lè ti ara ìyá wá nígbà ìbímọ. Ó lè gba ojú ìwọ́ wọlé bí abẹ tí wọ́n fi gé e bá dọ̀tí. Ó sì lè wá láti ọwọ́ ẹni tó gbé ọmọ, ní ilé tàbí ní ilé ìwòsàn pàápàá.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fi abẹ́rẹ́ ampicillin àti gentamicin tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là, ṣùgbọ́n agbára wọn ń dín kù. Láàárín ọdún 2015 sí 2017, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní BARNARDS ní orílẹ̀-èdè 7 ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nàìjíríà wà lára wọn, ní Kánò àti Àbújá ni wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò. Nínú àpapọ̀ ìwádìí náà, kòkòrò tí wọ́n bá pàdé jù ni Klebsiella, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni oògùn méjèèjì yìí kò sì kápá mọ́.

Kí ló fà á? Àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ pé bí a bá ń fín oògùn kan náà sí oko ṣáá, kòkòrò tó lágbára jù ni kì í kú. Irú ọmọ tirẹ̀ ni yóò wá kún oko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ara wa. Nígbàkúùgbà tí a bá lo oògùn apakòkòrò láìnídìí, tàbí tí a lò ó lábọ̀, a ń pa àwọn tó rọ̀, a sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ògbólógbòó. Kòkòrò kan tún lè fi agbára yìí ran òmíràn.

Ìdí nìyí tí a fi ní láti sọ̀rọ̀ lórí oògùn apakòkòrò olómi tí ọ̀pọ̀ ìyá ń rà ní kẹ́míìsì, tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu láti ọjọ́ ìbí rẹ̀, pé kí ó lè fọ ìdọ̀tí tí ọmọ gbé mì nínú ìyá. Ọmọ tí ara rẹ̀ le kò nílò rẹ̀. Ó ń pa kòkòrò rere tó yẹ kó máa gbé inú ìfun ọmọ. Bí ọmọ bá sì ń ṣàìsàn lóòótọ́, ẹ̀kán yìí kò tó o. Àkókò ló ń jẹ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ má sì fún ọmọ ní èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò kù.

Ìkókó kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

- kò fẹ́ mu ọmú mọ́, tàbí kò lágbára láti fà á;
- ara rẹ̀ gbóná, tàbí ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ;
- ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ní ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí;
- gìrì mú un, tàbí kì í mira àfi bí a bá fọwọ́ kàn án;
- ìwọ́ rẹ̀ pọ́n tàbí ó ń ṣọyún.

Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ má dúró de àgbo. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ láti mọ irú kòkòrò tó jẹ́ àti oògùn tó lè pa á. Ìdáhùn lè gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ náà tán, kódà bó bá ti ń mu ọmú padà. Bí owó bá ṣòro, ẹ jẹ́ kí owó àsè ìsọmọlórúkọ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kí àwọn ará mọ́sáláṣí náà sì dá sí i.

Ìdènà ló dára jù. Àwa tí a ń ṣe àlùwàlá kì í ṣe àjèjì sí fífọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ọṣẹ kún un kí á tó gbé ọmọ, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, àti lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ ìlédìí. Ẹ fún ọmọ ní ọmú láàárín wákàtí kìíní. Ọmú nìkan ni kí ó máa mu fún oṣù 6, láìsí omi tàbí àgbo. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ìgbẹ́ màlúù tàbí róòbù sí ìwọ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa ìpara chlorhexidine tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kó kan ọmọ lójú. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ọmọ má di ohun tí gbogbo àlejò ń gbé kiri. Ẹni tó ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn, ẹni tí yóò bá sì fi dàbínù kàn án lẹ́nu, kí ara rẹ̀ dá, kí ó sì kọ́kọ́ fọ ọwọ́ àti ẹnu mọ́ tónítóní.

Àmáánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa. Oògùn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ náà, àmáánà ni. Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí títọ́ wọn. Àmín.